Ìkòkò Ńlá Kọ́ Ni Oúnjẹ: Megawatt Nàìjíríà àti Iná Inú Ilé Wa

    Bí Yorùbá yín kò bá dán mọ́rán, ẹ má jẹ́ kó dà yín láàmú. Màá rọra sọ ọ́, gbogbo ohun tí mo bá sọ yóò sì wà ní kíkọ bí a ṣe máa ń ṣe.

Ọ̀rọ̀ iná ni mo mú wá lónìí. Ẹ jẹ́ kí n fi ti ilé wa bẹ̀rẹ̀.

Ní ọdún tó kọjá, èmi àti àwọn àbúrò mi méjì dáwó jọ, a ní kí wọ́n bá Mọ́mì wa ṣe iná sólà sí ilé wọn ní Ìbàdàn. Ẹni tó fẹ́ ṣe é sọ fún mi lórí fóònù pé, "Ẹ̀gbọ́n, 5 kVA ni mo máa gbé fún yín. Kò sí ohun tí kò lè gbé." A gbọ́ 5 kVA, inú wa dùn, a fi owó ránṣẹ́. Wọ́n gbé e kọ́. Mọ́mì fi fídíò ránṣẹ́, wọ́n ń jó nínú pálọ̀. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà tí wọ́n pè mí ní nǹkan bí aago mọ́kànlá alẹ́.

"Ọmọ mi, iná yín ti lọ o."

"Iná wo, Mà? Ṣé Nẹ́pà ló mú un lọ?"

"Nẹ́pà kẹ̀? Ta ló ń retí Nẹ́pà? Iná tí ẹ ṣe ni mò ń sọ. Bó ṣe ń ṣe lálaalẹ́ nìyẹn. Tó bá ti di àkókò yìí, á máa ké píì, píì, píì, á sì kú."

Ohun tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà ká mi lára ni pé Mọ́mì ní ìtọ̀ ṣúgà. Insulin wọn wà nínú fíríìjì. Nítorí fíríìjì yẹn gan-an la ṣe dáwó jọ. Kì í ṣe nítorí tẹlifíṣọ̀n.

Mo pe ẹni tó ṣiṣẹ́ náà. Mo ní, "Ṣebí 5 kVA lo sọ?" Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, 5 kVA náà ni mo gbé." Òótọ́ ló sì sọ. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára inverter náà. Ṣùgbọ́n panẹ́ẹ̀lì mẹ́rin péré ló wà lórí òrùlé, bátìrì tó gbé síbẹ̀ sì kéré. 5 kVA yẹn ń sọ iye ẹrù tí inverter lè gbé lẹ́ẹ̀kan náà ni. Kò sọ iye iná tó wà nípamọ́ tí a ó fi sùn mọ́jú. Èmi tí mo ń sanwó kò béèrè, òun náà kò sì sọ.

Nígbà tí mo rò ó títí, mo rí i pé àṣìṣe tí mo ṣe nínú ilé kan ní Ìbàdàn, òun náà ni Nàìjíríà ti ń ṣe láti ọjọ́ pípẹ́. Ohun tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò nìyẹn.

Ẹ̀yin tí wọ́n bí síhìn-ín, ẹ ti gbọ́ àríyànjiyàn yìí nílé yín rí. Ẹnì kan á kà á nínú ìròyìn pé Nàìjíríà ní ẹ̀rọ iná tó lé ní 13,000 megawatt. Dádì á ní irọ́ ni, pé nígbà tí àwọn lọ sílé ní Kérésìmesì, ọjọ́ mẹ́ta ni àwọn ò rí iná. Ta ló ń parọ́ nínú wọn? Kò sí. Àwọn méjèèjì ló sọ òótọ́. Ohun kan náà kọ́ ni wọ́n ń sọ.

Ẹ jẹ́ kí n fi òde àríyá ṣàlàyé rẹ̀. Ẹ ti rí àwọn ìyá alásè wa. Wọ́n ní ìkòkò ràgàjì kan tó lè se ìrẹsì fún ọ̀ọ́dúnrún ènìyàn. Bí ẹ bá bi wọ́n pé, "Ìyá, ènìyàn mélòó lẹ lè bọ́?" wọ́n á ní ọ̀ọ́dúnrún, nítorí ìkòkò wọn gbà á. Ṣùgbọ́n bí kò bá sí ìrẹsì àti igi ìdáná ńkọ́? Bí ìrẹsì bá jinná tí kò sí ọkọ̀ tí yóò gbé e dé gbọ̀ngàn ńkọ́? Bí ẹni tó gbé iṣẹ́ fún wọn kò bá sanwó ti ìjọ́sí, ṣé wọ́n á tún wá dáná lọ́jọ́ mìíràn? Ìkòkò ṣì wà níbẹ̀. Àwọn àlejò ń fi ebi sùn.

Megawatt tí wọ́n ń kéde, ìwọ̀n ìkòkò ni. Áyọ́ọ̀nù tí a fi ń lọ aṣọ ń jẹ nǹkan bíi kilowatt kan. Ẹgbẹ̀rún kilowatt ló wà nínú megawatt kan. Ìyẹn ni pé megawatt kan lè gbé ẹgbẹ̀rún áyọ́ọ̀nù lẹ́ẹ̀kan náà, bí ìkòkò bá kún. Ìlú tó ní 13,000 megawatt, tí àwọn ènìyàn ibẹ̀ sì lé ní igba mílíọ̀nù, ẹ rí i pé bí ìkòkò náà tilẹ̀ kún dẹ́nu, kò lè yó wọn. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, a kò tó àádọ́rin mílíọ̀nù, ìkòkò tiwa sì lé ní 100,000 megawatt. Nítorí náà ìṣòro méjì ló wà ní Nàìjíríà: ìkòkò kéré, èyí tó sì wà kò kún. Èkejì yẹn ló ń dùn mí jù.

Báwo la ṣe dé ibẹ̀? Ẹ jẹ́ ká lọ díẹ̀díẹ̀.

London ní ilé iṣẹ́ iná tó ń jó èédú ní Holborn Viaduct ní 1882. Èkó rí iná tiẹ̀ ní 1896, ọdún mẹ́rìnlá péré lẹ́yìn náà. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé iná ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa ni. Nígbà tó yá, wọ́n kọ́ ilé iṣẹ́ iná sí Ìjọra, èédú tí wọ́n ń wà ní Enugu ni wọ́n sì ń jó níbẹ̀.

Lẹ́yìn òmìnira, wọ́n sé odò Ọya ní Kainji. Ní 1968 ni iná bẹ̀rẹ̀ sí í jáde níbẹ̀, ìkòkò náà sì di 760 megawatt nígbà tó pé. Ẹ fiyè sí èyí. Omi ni. Kì í ṣe èédú, kì í ṣe epo. Ní àkókò tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń fi èédú ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iná rẹ̀, odò Ọya ló ń gbé apá tó pọ̀ nínú iná Nàìjíríà. Àwọn tó ń sọ pé agbára tí kì í tán jẹ́ nǹkan òyìnbó tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wọ̀lú, ẹ rán wọn létí Kainji. Jebba náà tẹ̀lé e lórí odò Ọya kan náà, lẹ́yìn náà Shiroro lórí odò Kaduna, 600 megawatt, ní 1990.

Láàárín kan náà ni gáàsì dé. Ní 1985, Egbin bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nítòsí Ìkòròdú. Ẹ̀rọ mẹ́fà ló ní, 220 megawatt ọ̀kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ rẹ̀ 1,320. Láti ìgbà náà ni gáàsì ti ń borí omi. Lónìí, bí ẹ bá pín ìkòkò Nàìjíríà sí mẹ́rin, bíi mẹ́ta nínú rẹ̀ ló ń jó gáàsì. Èyí tó kù fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ omi nìkan.

Lẹ́yìn Shiroro, wọ́n jókòó. Láti 1990 títí ìjọba alágbádá fi dé ní 1999, kò sí ìkòkò ńlá tuntun kankan, wọn kò sì fọ àwọn tó wà nílẹ̀. Nígbà tí wọ́n kà á ní 1999, nínú ẹ̀rọ 79 tó wà káàkiri, 19 péré ló ń ṣiṣẹ́. Bí àwọn òbí yín bá fi Nàìjíríà sílẹ̀ ní àkókò yẹn, ẹ̀yin ẹ mọ̀ ìdí tí wọ́n fi máa ń pa iná yàrá bí ẹ bá ti jáde níbẹ̀.

Ìjọba Ọbásanjọ́ wá dá ètò ńlá kan sílẹ̀ ní 2004, NIPP ni wọ́n ń pè é. Ilé iṣẹ́ gáàsì mẹ́wàá ni wọ́n fẹ́ kọ́. Méjì nínú wọn wà nílẹ̀ wa: Ọlọ́runṣògo ní ìpínlẹ̀ Ògùn, àti Ọmọtọ́ṣọ̀ọ́ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ní oṣù kọkànlá 2013, ìjọba ta àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe iná àti àwọn tó ń pín in fún aládàáni. Waya ńlá tó so gbogbo wọn pọ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní grid, ìjọba kò tà á. Láìpẹ́ yìí, Zungeru tún dé, omi náà ni, 700 megawatt.

Báyìí ni ìkòkò ṣe di 13,000 ó lé. Iye tó jáde ńkọ́? Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹta 2025, àwọn tó ń bójú tó grid kéde pé iná tó jáde lọ́jọ́ yẹn lé ní 5,800 megawatt, pé irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí. Wọ́n yọ̀. Èmi náà kò bínú sí wọn. Ṣùgbọ́n ẹ ṣírò rẹ̀. Ọjọ́ tó dára jù lọ láti 1896, kò tó ìdajì ìkòkò. Ní ọ̀pọ̀ ọjọ́, nǹkan bí 4,000 sí 5,000 ni.

Kí ló dé? Ẹ rántí ìyá alásè wa. Ohun mẹ́ta la sọ: ohun tí a ó fi dáná, ọkọ̀ tí yóò gbé e, àti owó.

Àkọ́kọ́, gáàsì. Nàìjíríà ni gáàsì abẹ́ ilẹ̀ rẹ̀ pọ̀ jù ní gbogbo Áfíríkà. Níbi tí wọ́n ti ń wa epo rọ̀bì, wọ́n ń dáná sun gáàsì sí afẹ́fẹ́ lójoojúmọ́. Síbẹ̀, ẹ̀rọ ń jókòó nítorí àìsí gáàsì. Ìdí ni pé wọ́n kọ́ àwọn ilé iṣẹ́ iná náà kí páìpù tó lè gbé gáàsì tó pọ̀ tó dé ibẹ̀. Èyí tó dé ibẹ̀ náà, ẹni tó ń ta gáàsì ń ka owó rẹ̀ ní dọ́là, ẹni tó ń ta iná ń gba náírà. Ẹni tó bá kó gáàsì rẹ̀ sínú ọkọ̀ ojú omi ní Bonny lọ sí Yúróòpù, owó rẹ̀ dájú. Bí ẹ bá jẹ́ òun, ta lẹ ó tà fún? Ọ̀nà kan ṣoṣo ni púpọ̀ nínú gáàsì ilẹ̀ Yorùbá sì ń gbà, páìpù tó ti Escravos bọ̀ wá sí Èkó. Bí nǹkan bá ṣe páìpù yẹn, Ọmọtọ́ṣọ̀ọ́, Ọlọ́runṣògo àti Egbin, gbogbo wọn ló máa mọ̀ ọ́n lára.

Èkejì, waya. Ẹ ti ń gbọ́ pé grid dẹnukọlẹ̀. Ní 2024 nìkan, ó ju ìgbà mẹ́wàá lọ. Kí ni ìtumọ̀ rẹ̀? Ẹ wo ènìyàn mẹ́wàá tó gbé ìtì igi ńlá kan sórí. Iye iná tí à ń lò ni ìtì igi náà, àwọn ilé iṣẹ́ iná ni àwọn tó gbé e. Bí ẹnì kan bá yẹ̀ lójijì, ẹrù rẹ̀ bọ́ sórí àwọn mẹ́sàn-án tó kù. Bó bá jẹ́ pé gbogbo wọn ti gbé e débi agbára wọn mọ, èkejì á yẹ̀, ẹ̀kẹta á yẹ̀, kí a tó ṣẹ́jú, igi ti wó lulẹ̀. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn kan máa ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́, wọn kò gbé nǹkan kan, wọ́n kàn ń retí ẹni tó máa yẹ̀ ni. A sì ń sanwó fún wọn láti dúró. Ní Nàìjíríà, iná kò tó débi tí wọ́n ó fi pa díẹ̀ mọ́. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀rọ kan fi lè bàjẹ́ ní ìlú kan kí gbogbo orílẹ̀-èdè sì ṣókùnkùn.

Ẹ̀kẹta, owó. Ẹni tó ń pín iná kì í rí gbogbo owó rẹ̀ gbà. Àwọn kan kò ní mítà, wọ́n ń mú ìwé owó iná tí kò bá ohun tí wọ́n lò mu wá fún wọn, àwọn náà kò sì san án. Àwọn kan ń jí iná. Iye tí ìjọba ní kí wọ́n tà á kò tó iye tí wọ́n fi ṣe é, ìjọba ní òun ó dí àlàfo náà, kò sì dí i tán. Gbèsè tí àwọn tó ń ṣe iná ní àwọn ń retí ti lọ sí nǹkan bíi trílíọ̀nù mẹ́rin náírà ní 2025. Àwọn náà sì jẹ àwọn tó ń ta gáàsì. Ẹni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ ìwé ni èyí, kó rántí UCH ní Ìbàdàn. Nítorí gbèsè iná, wọ́n já waya ilé ìwòsàn yẹn ní òpin oṣù kẹwàá 2024, wọn kò sì dá a padà títí di oṣù kejì 2025. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọjọ́. Ilé ìwòsàn tó kọ́ ọ̀pọ̀ àwọn dókítà tó ń tọ́jú yín nínú NHS lónìí.

Nísinsìnyí, ẹlòmíràn á sọ pé, "Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló mọ̀ ọ́n ṣe, ká kàn ṣe bíi tiwọn." Ẹ jẹ́ ká wò ó dáadáa. Ní 2012, èédú ṣì ń ṣe nǹkan bí ogójì nínú ọgọ́rùn-ún iná ilẹ̀ yìí. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án 2024, wọ́n ti ilé iṣẹ́ èédú tó kẹ́yìn, Ratcliffe-on-Soar ní Nottinghamshire. Ọdún 142 lẹ́yìn Holborn Viaduct, èédú parí. Wọn kò fi àdúrà ṣe é. Gáàsì ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ èédú láti bí 1990. Owó orí tuntun lórí èéfín dé ní 2013, èédú wá di ọjà àpawó. Ìjọba sì bá àwọn tó ń gbé ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ sínú òkun ṣe àdéhùn iye tí wọ́n máa gbà fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ọkàn wọn lè balẹ̀. Ní etí òkun Yorkshire, Hornsea 2 nìkan tóbi tó Egbin.

Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ìkòkò òyìnbó náà tàn yín. Ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ inú òkun, bí ẹ bá ṣírò rẹ̀ jálẹ̀ ọdún, nǹkan bí ogójì nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n rẹ̀ ló ń jáde. Sólà orí òrùlé níbí kò ju bíi mẹ́wàá tàbí mọ́kànlá lọ. Ìkòkò tiwọn náà kì í kún. Wọ́n sì ní ìṣòro ọkọ̀ pẹ̀lú: ọjọ́ mìíràn wà tí afẹ́fẹ́ fẹ́ púpọ̀ ní Scotland, tí waya tó ń bọ̀ wá sí gúúsù kò lè gbé e, tí wọ́n sì ń sanwó fún ẹ̀rọ kó má ṣiṣẹ́. Owó yẹn wà nínú ohun tí èmi àti ẹ̀yin ń san lóṣooṣù. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ nìyí: wọ́n mọ̀ ṣáájú pé afẹ́fẹ́ ń bọ̀ wá rọlẹ̀, wọ́n ti pèsè ohun tó máa rọ́pò rẹ̀. Gáàsì wà. Waya wà láti ilẹ̀ Faransé àti Norway. Omi orí òkè wà ní Dinorwig ní Wales, tí wọ́n ń fà gòkè nígbà tí iná pọ̀, tí wọ́n ń tú sílẹ̀ nígbà tó bá di dandan. Ibi tí ìkòkò ti ṣófo, wọ́n ti mọ ohun tí wọ́n máa fi bò ó.

Ẹ jẹ́ ká padà sílé. Sólà Nàìjíríà ńkọ́? Ní oṣù keje 2016, ìjọba fọwọ́ sí ìwé àdéhùn mẹ́rìnlá pẹ̀lú àwọn ilé iṣẹ́ sólà. Àpapọ̀ rẹ̀ 1,125 megawatt. Wọ́n ya fọ́tò. Ọdún gorí ọdún, wọ́n ń fa ọ̀rọ̀ iye tí wọ́n máa rà á àti ẹni tó máa dúró fún owó náà. Kò sí ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá tó mú iná wá ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn. Ìyẹn kò tilẹ̀ dé ìkòkò. Àwòrán ìkòkò ni.

Ohun tí ìwé àdéhùn kò ṣe, ọ̀wọ́n epo ló ṣe é. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún 2023, ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù. Lítà kan tí kò tó 200 náírà lọ ju 1,000 lọ kí 2024 tó parí. Ní oṣù kẹrin 2024, yúnìtì iná fún àwọn tí wọ́n ní kí wọ́n máa rí iná fún ogún wákàtí lójúmọ́ fò láti 68 náírà sí 225. Àwọn ènìyàn jókòó, wọ́n ṣírò rẹ̀. Ẹni tó ń fi jẹnẹrétọ̀ tajà rí i pé epo ń jẹ èrè òun. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ra sólà. Àjọ Ember tó ń ka irú nǹkan báyìí sọ pé láàárín oṣù méjìlá tó parí ní oṣù kẹfà 2025, panẹ́ẹ̀lì tó wọ Nàìjíríà láti Ṣáínà lé ní 1,700 megawatt. Kò sí mínísítà tó gé rìbọ́nù. Àwọn alágbàfọ̀, àwọn aránṣọ, ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí, àti ọmọ tó wà lẹ́yìn odi bíi tiyín àti tèmi, àwọn ló rà á.

Inú mi dùn sí i. Ṣùgbọ́n a ti ní ká má jẹ́ kí ìwọ̀n ìkòkò tàn wá, ẹ jẹ́ ká fi òfin náà de ara wa. 1,700 megawatt panẹ́ẹ̀lì kì í ṣe 1,700 megawatt iná. Oòrùn kì í yọ lóru. Òjò ń bẹ, ọyẹ́ ń bẹ, eruku ń bẹ. Bí ẹ bá pín ohun tó ń jáde nínú rẹ̀ sí tọ̀sán tòru, kò ju ohun tí ìkòkò gáàsì 300 megawatt tí kò dákẹ́ máa fún yín. Ó dára gan-an. Kò tíì rọ́pò grid.

Ohun kan tún wà tó ń kọ mí lóminú. Ta ló ń kúrò lórí iná ọba? Àwọn tó lówó ni. Àwọn yẹn náà ló ń san owó iná déédéé. Bí wọ́n bá ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn tí kò lè san ló máa kù sórí grid, owó tí wọ́n ó fi tún waya ṣe á sì máa dínkù. Òfin iná tuntun ti 2023 ti fún ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan lágbára láti máa bójú tó iná tirẹ̀. Èkó, Ògùn, Ọ̀yọ́, Oǹdó àti Èkìtì ti ń gba iṣẹ́ náà. Nítorí náà, láti ìsinsìnyí lọ, ọ̀rọ̀ iná kì í ṣe ti Àbújá nìkan mọ́. Gómìnà tó bá wá sí London wá bá ẹgbẹ́ yín ṣèpàdé, tó ní òun ó kọ́ 100 megawatt, ẹ pàtẹ́wọ́ fún un. Lẹ́yìn náà, kí ẹnì kan dìde béèrè: gáàsì ta ló máa jó? Waya wo ló máa gbé e dé àdúgbò wo? Ta ló máa sanwó rẹ̀, èló ni yúnìtì kan? Bó bá dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ tún pàtẹ́wọ́.

Fún ẹ̀yin tó fẹ́ fi owó ránṣẹ́ ṣe sólà sílé, ohun tí èmi ìbá béèrè nìyí, kí n tó sanwó.

Ẹ kọ́kọ́ bi àwọn ará ilé pé, kí ni ẹ fẹ́ kó máa ṣiṣẹ́, fún wákàtí mélòó? Yúnìtì ni kí ẹ fi ṣírò, kì í ṣe kVA. Fíríìjì kan lè jẹ yúnìtì kan sí yúnìtì kan àbọ̀ lójúmọ́. Fáànù méjì láti alẹ́ dé òwúrọ̀, ó lè sún mọ́ yúnìtì kan.

Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè pé bátìrì náà lè pa yúnìtì mélòó mọ́, mélòó nínú rẹ̀ la sì lè lò láìba bátìrì jẹ́. Bátìrì olómi àtijọ́, ìdajì ni. Lithium, ó lé ní mẹ́jọ nínú mẹ́wàá.

Ẹ béèrè pé panẹ́ẹ̀lì kilowatt mélòó ló máa wà lórí òrùlé. Nílẹ̀ Yorùbá, kilowatt kan ń mú nǹkan bíi yúnìtì mẹ́ta sí mẹ́rin wá lójúmọ́. Ní oṣù keje àti ìkẹjọ, ẹ má retí tó bẹ́ẹ̀. Ti Mọ́mì wa, panẹ́ẹ̀lì mẹ́rin náà kò ju kilowatt kan àbọ̀ lọ, bátìrì rẹ̀ sì ń pa yúnìtì méjì àbọ̀ mọ́. Ẹ̀yin náà ẹ ṣírò rẹ̀. Lọ́wọ́ aago méje alẹ́ tí oòrùn ti lọ, fíríìjì, fáànù, gílóòbù, tẹlifíṣọ̀n, àti áyọ́ọ̀nù ẹnìkan tó gbọ́ pé kò sí ohun tí kò lè gbé. Báwo ni kò ṣe ní kú ní mọ́kànlá?

Ìkẹyìn, ta ló máa tún un ṣe, ta ló sì máa fọ eruku ojú panẹ́ẹ̀lì nígbà ọyẹ́? Kí orúkọ onítọ̀hún wà lórí ìwé.

A ti tún ti Mọ́mì ṣe. A fi bátìrì kan kún un, panẹ́ẹ̀lì méjì, a sì ní kí wọ́n ya waya fíríìjì sọ́tọ̀, kó jẹ́ pé bí gbogbo nǹkan bá kú, òun ló máa kú kẹ́yìn. Ó ti ń ṣiṣẹ́ mọ́jú. Mo bi Mọ́mì lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá pé, "Iná ńkọ́, Mà?" Wọ́n ní, "Iná wà. Ṣùgbọ́n gbogbo fóònù àdúgbò ló wà nínú pálọ̀ mi. Ìyá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa náà gbé insulin tirẹ̀ wá sínú fíríìjì mi. Òun ò ní ọmọ ní London."

Mi ò rí ohun tí mo fẹ́ fi dá wọn lóhùn. Ìyá yẹn ni mo ń rò ní gbogbo ìgbà tí mo ń múra ọ̀rọ̀ òní sílẹ̀. Òun ló yẹ kí iná ọba dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bí ẹ bá tún gbọ́ tí wọ́n kéde megawatt tuntun, ẹ rántí rẹ̀, kí ẹ sì béèrè bóyá ìkòkò ni wọ́n gbé wá, àbí oúnjẹ.

Ẹ kọ ìrírí tiyín sísàlẹ̀ fún wa, ní pàtàkì ẹ̀yin tó ti ṣe sólà sílé. Ẹ sọ iye yúnìtì tó ń mú wá, ẹ má sọ kVA. Ẹ fi ránṣẹ́ sí àwọn ẹbí yín náà.